Ọkùnrin Tó Ń Ṣọ́ Àwọn Tó Ń Retí Ìdájọ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú náà ti kún àkúnya, ẹjọ́ sì ń falẹ̀ ní kóòtù, ni ìjọba bá ní kí àwọn tí ẹ̀sùn wọn kò wúwo jù máa ti ilé wọn wá jẹ́jọ́. Wọ́n de ẹ̀gbà kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀rọ wà nínú ẹ̀gbà náà, òun ló sì ń sọ ibi tí ẹni náà wà fún ọkùnrin yìí, alábòójútó wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá ààlà tí adájọ́ pa fún un, kọ̀ǹpútà orí tábìlì alábòójútó á bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà wù ú. Ó máa ń lọ kí wọn nílé. Ó mọ ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù lọ. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣọ́ pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi kún un. Ọkọ̀ tí wọ́n fún un bàjẹ́, wọn kò tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà ń ké láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí iná bá lọ tí ẹnì kan kò rí ẹ̀gbà rẹ̀ ṣáàjì, á ké. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń ṣe ségesège, á ké. Bí ẹnì kan bá lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé aládùúgbò, á ké. Fóònù náà kò sinmi. Ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìsìnkú ń pè, ẹni tó fẹ́ lọ gẹ irun ń pè, ẹni tó ń parọ́ náà ń pè. Ó rẹ ọkùnrin náà. Kò lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá délé tí aya rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, orí ló máa ń mì fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ni káfíńtà kan tó ń jẹ́ Làmídì. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ra jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n jí gbé. Òun ní òun kò mọ̀ pé wọ́n jí i ni. Ìyá rẹ̀ arúgbó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí ìyá yìí ni adájọ́ ṣe gbà kó máa gbé ilé. Ó pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ kọjá ilé rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lójúde, àfi tí alábòójútó bá yọ̀ǹda.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá náà ṣubú ní balùwẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Làmídì pe alábòójútó. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè. Alábòójútó wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń wo orúkọ Làmídì lójú fóònù, ó sì da fóònù náà dojú bolẹ̀. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé àwáwí mìíràn ló tún dé. Làmídì gbé ìyá rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó jókòó tì í lẹ́yìn kó má bàa já bọ́, wọ́n sì forí lé ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì ìlú.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ké. Alábòójútó rí i pé Làmídì ti kọjá ààlà, ó sì ń lọ. Ó kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí kóòtù pé olùjẹ́jọ́ náà jáde láìgbàṣẹ. Irọ́ kọ́ ló pa. Làmídì kò gbàṣẹ lóòótọ́. Àwọn ọlọ́pàá bá a lórí àga nílé ìwòsàn, níbi tó ti ń dúró de dókítà. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn làwọn ń jẹ́. Nígbà tó dé iwájú adájọ́, ó ní òun pe alábòójútó kí òun tó jáde. Adájọ́ wo ìròyìn náà, kò rí i níbẹ̀, ó sì dá a padà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, alábòójútó lọ sílé Làmídì láti gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣáàjì ẹ̀gbà, torí ẹlòmíràn ń fẹ́ lò ó. Obìnrin aládùúgbò kan ló bá tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó sọ bí ìyá ṣe ṣubú, bí Làmídì ṣe tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, àti bí ìyá ṣe dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní ìyá náà kú lánàá, àwọn ará àdúgbò sì ti sin ín lánàá náà.

Alábòójútó bi í pé, “Ṣé Làmídì ti gbọ́?”

Obìnrin náà ní, “Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ ibi tó wà, ọ̀gá. Àwa ò mọ̀ ọ́n.”

Ọkùnrin náà jókòó sórí pákó kan lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, kò sì tètè dìde. Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí ì bá mú un. Ṣùgbọ́n kóòtù ló gbà lọ. Ó dúró níwájú adájọ́, ó ní, “Olúwa mi, ó pè mí. Mo rí i pé òun ni. N kò gbé e, torí ó ti rẹ̀ mí.”

Adájọ́ ní, “Ohun tí o kọ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ lo fún mi, mo sì fi ìdajì náà dá ẹjọ́ odidi ènìyàn.”

Wọ́n ní kí Làmídì padà máa ti ilé jẹ́jọ́. Alábòójútó fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀gbà lọ bá a lẹ́nu ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òun ló túfọ̀ ìyá náà fún un, òun náà ló sì kúnlẹ̀ tó tọrọ àforíjì. Làmídì kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì bú u. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó na ẹsẹ̀ sí i.

Ó ní, “Ẹ dè é. Ibi tí wọ́n sin ín sí, ṣé ó wà láàárín ààlà?”

Alábòójútó de ẹ̀gbà náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Bàbá Olórí Akọrin, ẹ̀yin ni èmi olùṣọ́ àgùntàn ìjọ yín ń fi ìtàn yìí bá wí. Ẹ wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n yọ Arábìnrin Mórádéùn kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, torí kò wá síbi ìdánrawò mọ́. Mo gbà pé kò wá. Mo bi yín pé kí ló dé, ẹ ní ẹ ò mọ̀, pé iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbé ẹgbẹ́ yẹn lẹ́yìn, ọpẹ́ tí ẹ sì ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ó rẹ èmi náà. Àárẹ̀ kì í sọ ènìyàn di ẹni burúkú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀ kì í béèrè ìbéèrè kejì, ibẹ̀ la sì ti ń ṣìkà láìmọ̀.

N kò ní yọ ọ́ lónìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀. Ẹ má ránṣẹ́, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Bó bá jẹ́ àìbìkítà ló ń ṣe é, ẹ padà wá, a ó jọ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ má tíì padà wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ jókòó tì í.