Orúkọ Tó Gba Físà fún Adùnọlá
Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì físà tó máa ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo tú ìgbéyàwó ká. Ó ní kí Adùnọlá, tó fẹ́ lọ bá ọkọ ẹ̀ ní Kánádà, dárúkọ àbúrò ọkọ ẹ̀. “Ìdílẹ̀kẹ̀ ni, sà.” Ọ̀gá pa fáìlì dé: “Títílọpẹ́ lọkọ rẹ kọ síbí. Ayédèrú ìgbéyàwó ni.” Kíá, Adùnọlá ní, “Nọ́ńbà àbúrò ọkọ mi wà níbẹ̀, sà. Ẹ pè é, kí n kí i.” Ọ̀gá pè é, ó sì gbé fóònù sí sípíkà. Bí Adùnọlá ṣe ní “Ìdílẹ̀kẹ̀” báyìí, ohùn obìnrin kan ti dáhùn: “Ìyàwó wa, ṣé wọ́n ti fún ẹ ní físà?” Adùnọlá yíjú sí ọ̀gá: “Ìyàwó orí ìwé ló ń pe ọmọ ilé lórúkọ, sà. Ìyàwó ilé kì í dán an wò.” Òǹtẹ̀ dún gbì lórí fáìlì.