Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Dákẹ́ Díẹ̀ Kí Ó Tó Lajú

“Àkànjí, mo ti so okùn Abẹ̀bẹ̀ mọ́ okùn Pátákó. Bí ó bá mì, bi àwọn méjèèjì.”

Ara ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Àyọ̀ká sọ fún ọkọ rẹ̀ nìyí, nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì máa ń lajú kíá bí a bá ti tàn án.

Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé. Àkànjí ni baálé. Ìyẹ̀wù ló ń jókòó sí, kò sì rí àwọn yàrá yòókù láti ibẹ̀. Ẹni tó bá ń wá a yóò fa okùn, ṣaworo ìdí okùn náà yóò sì dún létí rẹ̀. Bí ọmọ aráyé bá fi ìka tẹ Pátákó láti kọ̀wé, Pátákó a fa okùn tirẹ̀. Bí ooru bá mú, Abẹ̀bẹ̀ a fa tirẹ̀, kí baálé lè pàṣẹ pé kí ó máa yí.

Ṣùgbọ́n ará ilé a máa pààrọ̀ yàrá. Àlejò a máa dé. Eku a máa jẹ okùn. Nítorí náà, ní àràárọ̀, kí ọmọ aráyé tó tan kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni sì tó pe baálé, Àyọ̀ká a dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù, a sì ka ilé fún un: lágbájá wà níbí, yàrá rẹ̀ nìyí, okùn rẹ̀ nìyí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àyọ̀ká kú, orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù ló ti kà á. Àkànjí kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ okùn lọ nínú ohun tó ń kà. Ojú rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, inú bí Àkànjí.

“Okùn!” ló ń wí ṣáá. “Obìnrin ń fi mí sílẹ̀ lọ, kò sọ pé ó dìgbóṣe, okùn ló ń sọ fún mi!”

Ilẹ̀ mọ́. Àká, tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nínú ilé, wá kan ilẹ̀kùn.

“Bàbá, kíkà tí Ìyá kà kẹ́yìn wà lọ́wọ́ mi. Ohùn wọn gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n—”

“Panu dé! Mo mọ ilé mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà á fún mi mọ́.”

Oòrùn yọ, ooru mú. Abẹ̀bẹ̀ fa okùn. Ṣaworo Pátákó ló dún.

“Pátákó, kí lo fẹ́ kọ?”

“Èmi kẹ̀? N kò fẹ́ kọ nǹkan kan, Bàbá.”

“Kí ló dé tí o fi pè mí?”

“N kò pè yín o.”

Ṣaworo tún dún.

“Pátákó!”

“Bàbá, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn mi o!”

“Ṣé iwin ló wá ń fa okùn rẹ ni?”

“Ẹ bi iwin.”

Àkànjí kò lè fara dà á mọ́. Ó mú òwú, ó ki í bọ ẹnu ṣaworo náà. Abẹ̀bẹ̀ fà á títí, kò dún. Ọmọ aráyé tẹ Pátákó, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. “Kọ̀ǹpútà ti dákú!” ni wọ́n ń pariwo níta.

Àkànjí jókòó, ó ń làágùn, ó ń bínú.

Nígbà tó yá, Àká ké. “Bàbá, ooru ti dé ọ̀dọ̀ mi o! Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ti ń yọ́. Ohùn Ìyá wà nínú rẹ̀!”

Àkànjí fò dìde. Kò sí ibòmíràn tí ohùn náà kù sí.

“Jẹ́ kí n gbọ́ ọ,” ló wí. “Jọ̀ọ́.”

Ohùn Àyọ̀ká bá jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Pátákó wà níbí, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Àká wà níbí. Abẹ̀bẹ̀ wà níbí, eku ti jẹ okùn rẹ̀. Àkànjí, mo ti so okùn Abẹ̀bẹ̀ mọ́ okùn Pátákó. Bí ó bá mì, bi àwọn méjèèjì. Má jẹ́ kí ooru pa ọ́, Àkànjí.”

Àkànjí yọ òwú kúrò lẹ́nu ṣaworo. Ó dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Pátákó, ṣé ìwọ ni?”

“Èmi kọ́! Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Abẹ̀bẹ̀, ṣé ìwọ ni?”

“Láti àárọ̀ ni, Bàbá! Apá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já!”

“Yí! Máa yí!”

Abẹ̀bẹ̀ yí, fùùù, títí ilé fi tutù.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà, bí a bá tàn án, ti ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó lajú. Ẹ má gbá a, ẹ má sì kígbe mọ́ ọn. Ìgbà náà ni Àká ń fi ohùn Àyọ̀ká ka ilé, baálé sì ń gbọ́.

Àkànjí kò tíì fún Abẹ̀bẹ̀ ní okùn tirẹ̀, kí kíkà Àyọ̀ká lè ṣì bá ilé mu. Kò tíì lé eku náà jáde. Kò tíì ká ẹní tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù. Kò tíì dá Àyọ̀ká lóhùn pé ó dìgbóṣe.