Sípíkà Tó Sọ Igbá Di Igbà
Ìwà àìdára ni Olóyè Láńlẹ́hìn hù nígbà tó pe Àwẹ̀ró aránṣọ ní òpè lójú àdúgbò, nítorí sípíkà kékeré olówó pọ́ọ́kú tó yàn fún yàrá ìpàdé. Ó ní, “Agolo àtíkè lo pè ní sípíkà? Jẹ́ kó borí ńlá tèmi lónìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, má wọ yàrá yìí mọ́.” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ fi tiyín ní kí wọ́n gbé igbá wá.” Ohùn Olóyè ń yí gbirigbiri nínú yàrá tóóró náà bí ààrá ojú àlá. Àwọn èèyàn rọra wọ inú kùrukùru ọyẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀kan gbé igbà agun-ọ̀pẹ, òmíràn gbé ìgbá tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Àwẹ̀ró fi sípíkà kékeré sọ gbólóhùn kan náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Igbá ni gbogbo wọn gbé dé. Olóyè ṣí fìlà. “Ẹ̀yin ará àdúgbò, mo ṣẹ̀ Àwẹ̀ró lójú yín, èmi gan-an ni òpè. Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, foríjì mí.”