Agídìgbo Olóògbé Láníhùn

Àjíún aláta, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé pọ́n-ùn mẹ́wàá mi ti wọgbó. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́. Opó ni mí. Ọkọ mi kọ́ mi níbọn kí ó tó kú, ẹran tí mo bá pa ni mò ń tà, n kò sì mọ̀wé ju kí n kọ orúkọ onígbèsè lọ. Ògúnrìndé alágídìgbo yá owó yìí láti fi ra agídìgbo tuntun. Àṣé ọjà iwin ló lọ, ó ra èyí tí Láníhùn olókìkí lù kí ó tó kú. Oṣù mẹ́ta ló fi ń lù ú, tí ó ń dún bí ewúrẹ́ tó ń húkọ́, ẹnikẹ́ni kò sì pè é sóde mọ́.

Mo ní, "Irin rẹ̀ ti dípẹtà. Yọ ọ́."

"Ìyá, èèwọ̀ ni. Bí olóògbé ṣe tò ó nìyẹn. Ta ni mo jẹ́ tí màá fọwọ́ kàn án?"

"Ẹni tó jẹ mí ní pọ́n-ùn mẹ́wàá ni ọ́."

Mo gba agídìgbo náà, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ igbó tí igi rẹ̀ ń kérora bí aláìsàn, tí òkúta rẹ̀ ń bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, títí mo fi dé ìsọ̀ iwin kan tí ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń kọ sí oníbàárà kí ó tó lè dúnàádúrà.

"Gba ọjà rẹ, fún mi lówó mi. Ayédèrú ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọdẹ, ti Láníhùn ni. Èmi náà ni mo tà á fún un. Ti Àdìgún ni nígbà náà, ẹni tó lókìkí kí wọ́n tó bí ọ. Ibi tí o dúró sí yìí ni Láníhùn ti fa gbogbo irin rẹ̀ yọ, ó ní àtàǹpàkò òun kì í ṣe ti Àdìgún."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún Ògúnrìndé?"

"Kò bèèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún pákó, mo sì gbowó."

Ó wù mí kí n yìnbọn fún un, ṣùgbọ́n òtítọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ̀wù ẹni ńlá kò bá gbà yín lọ́rùn, ẹ gbé e fún aránṣọ. Ẹ má torí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ rìn níhòòhò.

Mo délé, mo fi ẹ̀mú fa irin márààrún yọ, Ògúnrìndé ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ń yọ léyín. Mo lé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kí ó rọ irin tó bá ìka tirẹ̀ mu. N kò ní í purọ́: nígbà tó tò wọ́n tán, pákó àtijọ́ náà dún ju èyíkéyìí tí mo ti gbọ́ lọ. Wọ́n pè é síbi òkú àgbà kan, wọ́n pè é sí ìsọmọlórúkọ méjì. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ìsọ̀ mi, ó ka pọ́n-ùn mẹ́wàá sórí awọ ẹtu. Mo tún un kà. Ó pé.