Bí Ẹ̀yìn Ìyá Ṣe Di Ibùsùn Ọmọ

Àlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí iná, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ yín. Àlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè, ó lọ balẹ̀ sórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, àti Ìgè ọmọ rẹ̀, àti Adìẹ, àti Ọ̀bọ, àti Aáká, ẹranko oníìpẹ́ tí ń jẹ ikán nínú igbó.

Láyé àtijọ́, obìnrin kì í pọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Apá ni wọ́n fi ń gbé ọmọ. Bí ìyá bá ń lọ sódò, ọmọ wà lápá. Bí ìyá bá ń ro ọkà, ọmọ wà lápá. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni abiyamọ fi ń ṣiṣẹ́.

Aṣọ wọn ńkọ́? Ẹwù gígùn ni. Apá ẹwù náà gùn kọjá ìka ọwọ́. Etí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́. Obìnrin tí apá rẹ̀ bá hàn síta, wọn á ní kò nítìjú.

Ìlú Ìdí-Amọ̀ ni Àwẹ̀ró ń gbé. Ọkọ rẹ̀ wà lóko ẹgàn, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ẹfúnyẹmí, ìyá ọkọ rẹ̀, ló hun ẹwù tí Àwẹ̀ró ń wọ̀. Ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì nígbà tó ń hun ún. Ó ń fọwọ́ wá òwú, ó ń hun ún. Ó tún ń fọwọ́ wá òwú, ó tún ń hun ún. Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró bí Ìgè ni ó gbé e fún un.

Ó ní, "Ìyàwó mi, aṣọ tí mo máa hun kẹ́yìn nìyí. Bá mi tọ́jú rẹ̀."

Àwẹ̀ró ń tọ́jú ẹwù náà bí ojú. Kò jẹ́ kí ẹ̀gún kàn án.

Ó wá di ìgbà tí òjò fẹ́ẹ́ dé. Bí òjò bá dé, kò sẹ́ni tó lè sun ìkòkò mọ́. Bí Àwẹ̀ró kò bá sì sun ìkòkò, kò ní rí nǹkan fi gba iṣu, kò ní rí nǹkan fi gba ọkà. Ebi ni òun àti Ìgè yóò máa wò títí òjò yóò fi lọ.

Ó gbé Ìgè, ó lọ sí ebu, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi odán, ó gbé ọmọ lé e. Kò tíì fọwọ́ kan amọ̀ tí Ìgè fi figbe ta. Ó gbé e, Ìgè dákẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, Ìgè figbe ta. Ó wá fi apá òsì gbé ọmọ, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mọ ìkòkò. Ìkòkò náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tòògbé.

Ni Àwẹ̀ró bá fi orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Ìgè, jẹ́ kí n mọ̀kòkò,
— Jẹ́jẹ́ o, ọmọ mi, jẹ́jẹ́.
Òjò ń bọ̀ lẹ́yìn òkè,
— Jẹ́jẹ́ o, ọmọ mi, jẹ́jẹ́.
Amọ̀ ń gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́,
— Jẹ́jẹ́ o, ọmọ mi, jẹ́jẹ́.
Mo fẹ́ gbé ọ, mo fẹ́ ṣiṣẹ́,
— Jẹ́jẹ́ o, ọmọ mi, jẹ́jẹ́.

Adìẹ ń tan ilẹ̀ nítòsí. Ó gbọ́ orin náà. Ó ní, "Ìyá Ìgè, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tẹ́ ò ṣe bíi tèmi?"

Àwẹ̀ró ní, "Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?"

"Abẹ́ ìyẹ́ mi ni mo ń kó wọn sí. Ẹwù yín kúkú gbòòrò. Ẹ fi bo ọmọ yín."

Àwẹ̀ró fi ẹwù bo Ìgè. Ìgè dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Inú Àwẹ̀ró dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mọ ìkòkò ńlá kì í dúró lójú kan, yíyí ló ń yí i ká. Àwẹ̀ró yí sápá ọ̀tún, Ìgè rá bàbà lọ sápá òsì. Etí ẹwù há sábẹ́ orúnkún ọmọ. Àwẹ̀ró ṣubú lu ìkòkò, ìkòkò fọ́nká pẹ̀tẹ̀ bí ọbẹ̀ tó dànù.

Adìẹ ní, "Háà! Àwọn tèmi máa ń tẹ̀ lé mi ni o."

Àwẹ̀ró ní, "Tèmi kò tíì mọ̀ ọ́n rìn."

Adìẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀bọ wà lórí igi odán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ta ló ní kóo gbọ́ràn sí adìẹ lẹ́nu? Wo ọmọ tèmi. Àyà mi ló so mọ́. Bí mo bá fò, a jọ fò ni."

"Ọmọ tèmi kò lè di nǹkan mú pẹ́."

"O ṣáà ní apá ẹwù tó gùn rẹpẹtẹ. Fi so ó."

Òótọ́ ni. Àwẹ̀ró gbé Ìgè kọ́ àyà, ó fi apá ẹwù so ó pinpin. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo! Ó wò wọ́n, ó pàtẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀, orí ọmọ dí i lójú. Kò rí amọ̀ mọ́. Ìgè ń ta ìkòkò nípàá. Ìgè bu amọ̀, ó fi sẹ́nu, ó gbé e mì. Àwẹ̀ró ń fi ìka yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń fọwọ́ tá bí afọ́jú, ó ń mọ. Pẹ̀lú wàhálà náà, ó rí ìkòkò díẹ̀ mọ, ó sì sá wọn títí wọ́n fi gbẹ.

Ó kù kó sun wọ́n. Ó dáná kékeré láti kọ́kọ́ mú wọn lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó sún mọ́ iná, ojú Ìgè ni ẹ̀fín kọ́kọ́ bá. Ọmọ wúkọ́, ó wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Àwẹ̀ró sá kúrò nídìí iná. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ lójú. Ó ní, "Ẹ̀fín tó yẹ kó bá mi ló ń bá ọ. Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́."

Ọ̀bọ ní, "Èmi kì í gbé tèmi lọ sídìí iná." Ó fò lọ sórí igi mìíràn.

Ojú ọ̀run ti ṣú. Bí Àwẹ̀ró kò bá sun ìkòkò lọ́jọ́ náà, ó parí. Ẹkún ti mú kí Ìgè sùn. Ó gbé e sórí ẹní, jìnnà sí iná. Ó to ìkòkò jọ, ó to igi lé e, ó da koríko gbígbẹ bò ó, ó fi iná sí i. Iná sọ gbìì. Ó bọ́ sí òdìkejì, ó ń ki igi bọ̀ ọ́, ó ń kọrin rẹ̀ lọ.

Ìgè jí. Kò rí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibo ni ohùn náà ti ń wá? Láti ẹ̀yìn iná. Ìgè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí ohùn ìyá rẹ̀, ó ń rá bàbà bọ̀.

Yéè!

Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó rí i. Ó sáré. Etí ẹwù kọ́ kùkùté. Ó fà á, kò já. Ìyá tó hun ún kò hun ún ní jákujàku. Ìka Ẹfúnyẹmí tó ń wá òwú wá sí i lọ́kàn. Ó tún wo iwájú, ó rí ọwọ́ kékeré Ìgè nílẹ̀ lẹ́bàá ẹyín iná. Ó di ẹwù mú, ó fà á ya, fààà! Ó já a kúrò lórúnkún. Apá ẹwù ń dí i lọ́wọ́, ó já ìyẹn náà, ó ju gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn.

Bó ti ń ṣe èyí, Aáká ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ń wá ikán. Ẹranko onítìjú ni. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó rí ọmọ tó ń lọ sínú iná. Kò lóhùn tó lè fi pariwo. Ó kàn sáré bọ́ sáàárín ọmọ àti iná, ó fi ara rẹ̀ yí ọmọ tirẹ̀ po, ó ká rogodo síbẹ̀. Ìgè forí gbá a, kò! Ó dúró. Ó fọwọ́ gbá ìpẹ́ náà, gbà, gbà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró dé, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀tẹ̀, ó sunkún.

Aáká tú ara rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jáde, ó gun ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Àwẹ̀ró nu ojú, ó ń wò ó.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o. Ẹ̀yìn ni tiyín ń gbé?"

Aáká ní, "Ẹ̀yìn mi ni. Iwájú wà fún iṣẹ́."

"Kò sì ń já bọ́?"

"Ìpẹ́ mi ló ń dì mú. Ẹ̀yin ò ní ìpẹ́." Aáká yọjú wo ẹwù tó ya nílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ láṣọ."

Ó wọ inú igbó lọ, kò dúró gba ọpẹ́ kejì.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀. Ó gbé Ìgè lé ẹ̀yìn, ó fi èyí tó fẹ̀ nínú aṣọ náà pọ̀n ọ́n, ó fi èyí tó gùn dì í. Ìgè gbé etí lé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ìró kan wà níbẹ̀ tó ti mọ̀ kí wọ́n tó bí i. Kì-kì. Kì-kì. Kì-kì. Oorun gbé e lọ. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ méjèèjì sun ìkòkò títí ó fi jinná.

Àwọn obìnrin ń ti odò bọ̀, ọmọ wà lápá wọn, ẹwù ń wọ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n rí i. Wọ́n pariwo, "Àwẹ̀ró! Apá rẹ ló wà níta yìí!"

Ó ní, "Apá mi ni. Méjèèjì ló sì ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n lọ sọ fún Ẹfúnyẹmí. Ìyá náà fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dé ebu. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti fa aṣọ yín ya."

Ẹfúnyẹmí sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan etí aṣọ tó ya. Ó fọwọ́ kan apá Àwẹ̀ró. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi kan ẹsẹ̀ kékeré tó yọ létí aṣọ.

Ó ní, "Ta ló ń sùn síbí?"

"Ìgè ni, Ìyá."

"Ìgè tí kì í sùn?"

"Òun náà ni."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní, "O jẹ́ kó wálẹ̀ jù. Bẹ̀rẹ̀, kí n bá ọ gbé e sókè." Ó gbé ọmọ sókè, ó tún ọ̀já dì. Ó ní, "Ṣé o rí i, mi ò mọ̀ pé ẹni méjì ni mo hun ún fún."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹfúnyẹmí bọ́ aṣọ tó wà léjìká rẹ̀, ó fi bo ọmọ lórí. Wọ́n jọ lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí abiyamọ kan ní Ìdí-Amọ̀ tí kò gé ẹwù rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń pọn ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin tó bá ń jáde, bó tilẹ̀ múra dé góńgó, á tún mú ìpèlé dání lé e, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí ọmọ yóò nílò ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn náà tí ọmọ kékeré fi ń figbe ta bó bá rí ìyá rẹ̀ tó ń wọ aṣọ òde. Ọmọ ti wo aṣọ náà yíká, kò rí ibi tí wọ́n fi òun sí.

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé ni mo sọ ọ́ dé. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ó ti sùn.