Ọkùnrin Tó ń Sáré Yí Ààlà Ká

Díákónì, ẹ ti nu orúkọ mi kúrò lára pátákó. Ọjọ́ Ajé ni, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ló ṣe. Ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ ní kí n lọ jókòó sílé títí di ọdún tó ń bọ̀, torí pé ẹ̀yin ti wọ ìwé Sáàmù, èmi ṣì wà nínú Númérì. Ẹ ní mò ń fa ẹgbẹ́ sẹ́yìn.

Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ó dùn mí dé eegun.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ bó ṣe jẹ́. Àwa mẹ́tàdínlógún la forúkọ sílẹ̀ nínú ìjọ wa pé a ó ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn láàárín ọdún kan. Orí mẹ́ta lóòjọ́, márùn-ún lọ́jọ́ Àìkú. Tílẹ̀ bá ti mọ́, a ó pàdé, ẹnì kan á dìde, á ṣe àṣàrò kúkúrú lórí ohun tó kà. Ọjọ́bọ̀ ni tèmi. Díákónì ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síwájú orúkọ ẹni tó bá ti parí ìpín rẹ̀.

Èmi ò lọ iléèwé. Ìwé orin ni mo fi kọ́ ara mi, lẹ́yìn tí mo ti bímọ mẹ́ta. Orin tí mo ti mọ̀ lórí láti kékeré, màá ṣí i, màá máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọ ọ́ lẹ́nu, títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé báyẹn kò lè sáré. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ Hágárì nínú aginjù. Mi ò lè fi obìnrin yẹn sílẹ̀ tòun ti ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ, kí n wá máa lọ síbi tí ìpín ọjọ́ kejì wà. Nígbà tí mo dé Númérì, mo bá àwọn ìjòyè méjìlá tí wọ́n mú ọrẹ wá. Ọrẹ kan náà ni gbogbo wọn mú wá, àwo fàdákà kan náà, màlúù kan náà, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Mo dìde ní Ọjọ́bọ̀ mi, mo béèrè pé, "Kí ló dé tí Ọlọ́run ò kúkú sọ pé àwọn yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀? Àbí ó fẹ́ gbọ́ orúkọ olúkúlùkù ni?"

Ẹ ní, "Màmá Oyèníkẹ̀ẹ́, inú Jóòbù la wà lónìí o. Àwọn ìjòyè yẹn ti ṣe tán, wọ́n ti lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé ẹ mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe. Àmọ́ ẹ ò fèsì. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tẹ́ ẹ fi gbé àkísà.

Òní tún ni Ọjọ́bọ̀. Kò sí àyè fún mi láti dìde mọ́, nítorí náà mo kọ àṣàrò mi sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fi sórí àga yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán. Kò gùn tó orí mẹ́ta.

Ọkùnrin kan wà tó jogún oko bàbá rẹ̀. Odò wà nísàlẹ̀ oko náà, àpáta wà lókè, pèrègún ni wọ́n sì fi pààlà rẹ̀ yíká, bí àwọn àgbà wa ti ń ṣe, torí pé ọ̀dá kì í tètè pa pèrègún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìléláàádọ́rin. Kí bàbá náà tó kú, ó pa àṣẹ kan fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rin ààlà yìí ká. Má rán ẹnikẹ́ni." Kò sọ ìdí rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbọ́ràn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ, ìyàwó á gbé agbè omi àti iṣu sísun dání. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn ín. Lọ́dún kejì, ọkùnrin náà ní ọjọ́ kan ti tó. Nígbà tó máa fi di ọdún karùn-ún, ó ti ń parí kí oòrùn tó kàn án lórí. Iye ló ń wò. Tó bá ti sáré dé ìdí pèrègún kan, á dárúkọ iye tó kàn, á sì kọjá. Tó bá ti pé méjìléláàádọ́rin, ó parí nìyẹn. Á délé, á gbé àga síta, á máa sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé, "Mo ti yí i ká o! Ẹsẹ̀ ọdẹ lẹsẹ̀ mi." Àwọn ará àdúgbò á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Ìyàwó rẹ̀ ò yá lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Tó bá dé ìdí pèrègún, á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ tu koríko ìdí rẹ̀, á wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá bá ẹni tó ni oko kejì níbẹ̀, á kí i, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyá. Ọkọ rẹ̀ á ti lọ jìnnà, á máa kígbe:

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ fi pèrègún ṣe ọkọ ni?"

"Tó bá máa dúró dè mí, kí ló dé tí mi ò ní fi ṣe ọkọ?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ẹ má rò pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn.

Lọ́dún kẹjọ, ọkùnrin náà ní kó jókòó sílé. Ó ní, "Ò ń dá mi dúró. Ohun tí mo lè ṣe tán láàárọ̀, ìwọ á sọ ọ́ di ìrìn àjò."

Obìnrin náà ní, "Ta ni yóò máa tu koríko?"

Ọkọ ní, "Koríko kọ́ ni ààlà."

Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ó sun iṣu fún un, ó rọ omi sínú agbè fún un, ó sì dúró sílé. Láti ìgbà náà lọ, ọkùnrin náà nìkan ló ń lọ, ó sì ń yára sí i.

Ẹnì kan wá ra oko tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Ó jókòó sábẹ́ igi lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, ó rí ọkùnrin yìí bó ṣe ń sáré kọjá. Ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ló wà lára pèrègún, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rùn mú, ó hú mẹ́fà nínú pèrègún náà, ó wọ inú oko olóko lọ ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀, ó sì gbìn wọ́n síbẹ̀. Pèrègún ò ṣòroó gbìn. Tẹ́ ẹ bá kì í bọlẹ̀, yóò hù. Igi obì mẹ́sàn-án tí bàbá ọkùnrin náà gbìn wà láàárín ibi tó gbà yẹn. Obì náà ni wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọmọ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ọkùnrin náà sáré yí oko ká. Ó pé méjìléláàádọ́rin. Ó lọ sílé, ó gbé àga síta.

Nígbà tí obì tó ká, ó dé ìdí igi, ó bá ẹni tó ra oko lórí àkàbà, tó ń já obì. Ariwo sọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìlú.

Ẹni tó ra oko ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, pèrègún rèé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pariwo kiri ìlú pé òun mọ iye rẹ̀. Ẹ ní kó kà á. Tí kò bá pé, kó gba oko mi mọ́ tiẹ̀."

Ọkùnrin náà kà á lójú gbogbo wọn. Nígbà tó kọjá ọgọ́ta, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ó pé."

Àgbà kan bi í pé, "Ṣé ibí yìí gan-an ni wọ́n wà láti ìgbà bàbá rẹ?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé méjìléláàádọ́rin ni."

"A ò bi ọ́ ní iye."

Ó wo igi obì bàbá rẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ láti ọdún méje: "Ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

Obìnrin náà dé. Kò ka ohunkóhun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, ó ń rìn jẹ́jẹ́, àwọn àgbà ń tẹ̀ lé e. Ó ní, "Èyí, ilé ikán ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí, ìdí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń bì, nígbà tí oyún àkọ́bí wa ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn méjì yìí, ìbejì ni mo máa ń pè wọ́n." Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ìdí àwọn mẹ́fà tó kẹ́yìn. Ó dúró. Ó ní, "Èmi ò mọ àwọn eléyìí o. A ò kíra rí."

Ẹni tó ra oko bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé pèrègún ń kí èèyàn ni?"

"Ó ń kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀," ni obìnrin náà wí. Láti ibẹ̀, ó rin ọgọ́ta ìṣísẹ̀, ó kọjá igi obì, ó wọ inú koríko, ó kúnlẹ̀. "Ẹ gbẹ́ ibí. Gbogbo èyí tí mo tu koríko ìdí rẹ̀, ọwọ́ mi máa ń kan àfọ́kù ìkòkò lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá ọkọ mi ló rì í mọ́bẹ̀."

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Àfọ́kù ìkòkò jáde. Wọ́n gbẹ́ abẹ́ àwọn pèrègún tuntun, ekòló ni wọ́n bá. Ẹni tó ra oko ní ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà fa ìyàwó rẹ̀ dìde nílẹ̀. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀, níṣojú àwọn àgbà. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ jẹun." Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn ín, òun ló sì gbé agbè.

Díákónì, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín. Ẹ̀yin ni ọkùnrin yẹn. Kí ìyàwó yín má bínú sí mi o, àkàwé lásán ni.

Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín. Nígbà tójú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ẹ̀yin lẹ bọ́ awò ojú yín, ẹ ní kí n fi wò ó bóyá yóò bá mi mu, ẹ sì jókòó láìríran títí mo fi ka ìpín mi tán. Mi ò gbàgbé. Ìyẹn ló jẹ́ kí ti àkísà yẹn dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Arábìnrin tó ń ránṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wá bá yín lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ kú, òun nìkan ló bí, àwọn àbúrò bàbá sì ti ti ilé pa, wọ́n ní obìnrin ò jogún. Ó bi yín bóyá Bíbélì sọ ohunkóhun sí i. Ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún lẹ wà níbẹ̀, ìlà ṣọ́ọ̀kì kún iwájú orúkọ gbogbo yín. Ẹnì kan ní ó dà bí ẹni pé ó wà nínú Òwe. Ẹlòmíì ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ẹ gbàdúrà, ó sì lọ.

Ilé mi ló wá. Mo wà nílé, ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó sílé. Mo ṣí ibi tí ìka mi wà. Ọmọbìnrin Seloféhádì márùn-ún ló wà níbẹ̀, tí bàbá wọn kú láìní ọmọkùnrin. Wọ́n lọ dúró níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ilẹ̀ láàárín àwọn arákùnrin bàbá àwọn. Mósè ò lé wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú Olúwa, Olúwa sì sọ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Arábìnrin náà nu ojú, ó ní, "Màmá, ẹ kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á fún un. Ọ̀túnla ni ìpàdé ẹbí wọn. Ó ní òun á mú Bíbélì dání.

Díákónì, gbogbo yín lẹ ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa rìn bíi tèmi. Ẹni tó bá lè sáré, kó sáré, kó ṣáà má fo ọ̀rọ̀ náà kọjá. Àmọ́ ẹ má lé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ̀ ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Èmi náà fẹ́ parí. Mo fẹ́ dé Ìfihàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gbà mí ní ọdún mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí n wà láàárín yín nígbà tí mo bá débẹ̀.

Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì mi á wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní wọlé láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀, mi ò sì ní padà sílé láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ má rán akọ̀wé sí mi. Ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin fúnra yín ni mò ń bi: ṣé mo wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àbí mi ò sí níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn.