Bí Ẹsẹ̀ Ọ̀kùn Ṣe Kọ́ Àáró Lórí Kẹ̀kẹ́ Ọ̀yà

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí ẹranko ṣì ń kọ́lé tira wọn bí ènìyàn, igba ẹsẹ̀ ni Ọ̀kùn ní, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń gbọ́ ti èkejì nínú wọn.

Bí ti apá ọ̀tún bá ní odò làwọn ń lọ, ti apá òsì a ní oko làwọn kọrí sí. Bí ti iwájú bá gbéra, ti àárín a jókòó. Bí Ọ̀kùn bá jáde láàárọ̀ pé òun fẹ́ lọ fọn iná wá lọ́dọ̀ aládùúgbò, aládùúgbò a ti se oúnjẹ, a ti jẹ ẹ́, a sì ti pa iná kí Ọ̀kùn tó dé ẹnu ọ̀nà.

Èyí kì í dun Ọ̀kùn. Ó ti mọ́ ọn lára. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní etí Odò Àwẹ̀, ní òdìkejì pápá ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, ojú ìyá náà sì ti ń ṣú. Ó ti ránṣẹ́ pé kí ọmọ òun wá, kí òun rí ojú rẹ̀ nígbà tí òun ṣì ń ríran. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń parí lọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi a bo pápá, ọ̀nà a sì dí di ọdún mìíràn. Ta ló mọ̀ bóyá ojú ìyá yóò dúró de ọdún mìíràn?

Ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ilé ti tán tí pápá ti bẹ̀rẹ̀, ni Ọ̀yà ń gbé. Ẹ má fojú kéré Ọ̀yà o. Eyín ẹnu rẹ̀ ló fi gé koríko pápá náà, tó fi la ọ̀nà tóóró kan láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ títí dé etí odò. Ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tuntun. Kò ní òkè, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní kùkùté kan tó lè kọni lẹ́sẹ̀. Nígbà tó là á tán, ó jókòó, ó wò ó, ó ní ọ̀nà tó dára tó báyìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán ló yẹ ẹ́.

Ló bá wá pankẹ́rẹ́, ó ká a róbótó, ó fi oje igi ire wé e létí, ó fi okùn ọ̀pẹ ṣe ṣéènì, ó sì kan pẹ́dà méjì mọ́ ọn. Bí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe dé ìlú àwọn ẹranko nìyẹn. Ó fúyẹ́ débi pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, a fẹ́ yí lọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀yà kì í tà á. Háyà ló ń fi í ṣe. Ẹni tó bá gbé ìdì ẹ̀gẹ́ kan wá a gba kẹ̀kẹ́, a fi wo pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì dá a padà kí adìyẹ tó wọlé. Àwọn tó gùn ún kì í yé ròyìn. Àgbọ̀nrín pàápàá, tí eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, háyà á nígbà kan. Nígbà tó dé, ó ní láti kékeré lòun ti ń sáré kọjá ní pápá yẹn, òun ò mọ̀ rí pé òdòdó wà níbẹ̀.

Òfin kan péré ni Ọ̀yà ṣe. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ lọ, tí kò dé odò, tó wá ń wọ́ ọ bọ̀ nílẹ̀, kò ní gùn ún mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ó ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹrù. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ẹrù kò tíì múra tán.

Ilé Ọ̀kùn kò ju ilé kẹta sí ti Ọ̀yà lọ. Ìdájí ló ti gbéra, síbẹ̀ oòrùn ti mú kó tó débẹ̀ pẹ̀lú ìdì ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi, ó rí i.

“Ẹ wá wo nǹkan,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. “Ẹni tó ní igba ẹsẹ̀ ló wá ń háyà kẹ̀kẹ́. Kí ni kí ejò wá háyà?”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀yà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wo àwọn ẹsẹ̀ náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó ní, “Ọmọ mi, èwo nínú wọn ló máa wà á?”

Kí Ọ̀kùn tó dáhùn, Ẹsẹ̀ Iwájú ti fò mọ́ pẹ́dà. “Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ ayé. Kí àwọn yòókù rọra so mọ́ ẹ̀yìn.”

Wọ́n gbéra. Áà, ìrìn náà dùn! Koríko ń ju ọwọ́ sí wọn lọ́tùn-ún lósì. Lékèélékèé tò sórí igi igbá bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Òórùn òdòdó igi ẹmi ń bá afẹ́fẹ́ wá pàdé wọn, ọ̀nà sì lọ tààrà níwájú láìsí pé ó fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀kùn kò tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ń wò, ó ń mí kanlẹ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á rí ìyá òun lónìí.

Nígbà tí wọ́n dé àárín pápá, iṣan Ẹsẹ̀ Iwájú fà. Kò fẹ́ sọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń fara dà á, títí kò fi lè nà mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹsẹ̀ tí kò níṣẹ́ ń fì kiri lẹ́yìn. Ọ̀kan kọ́ ṣéènì, ó fa èkejì, kẹ̀kẹ́ sì dúró gbagidi.

Ariwo bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ń dá ẹnì kejì lẹ́bi. Ọ̀kùn bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé ìkùukùu ti ń ṣú ní apá ìlà oòrùn. Odò ṣì jìnnà. Bí wọ́n bá sì padà, wíwọ́ ni wọn yóò wọ́ kẹ̀kẹ́, ìyẹn ni pé ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Létí ọ̀nà níbẹ̀, àwọn Ehoro ń kọ ebè. Ọ̀kùn ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí tó wà níwájú a kọ ebè díẹ̀, a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a lọ mumi lẹ́yìn. Èyí tó tẹ̀ lé e a bọ́ síwájú. Ọkọ́ kò dúró rárá. Ọ̀kùn kí wọn kú iṣẹ́, ó bi àgbà wọn pé kí ló dé tí ẹni iwájú fi ń kúrò nígbà tí kò tíì rẹ̀ ẹ́.

“Àáró la ń bára wa ṣe, ọmọ mi: bí a ṣe ń bá ara wa ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ la ń gba iwájú fún ara wa,” ni àgbà Ehoro wí. “Ẹni tó bá dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́ ti pẹ́ jù. Ìgbà tí agbára ṣì kù la máa ń kúrò, ká lè padà wá.”

Ọ̀kùn yíjú sí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní wọ́n ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Ẹsẹ̀ Iwájú fà sẹ́yìn. Ó ní ṣé ojú òun ni ọmọ àná yóò ti máa wa kẹ̀kẹ́?

Ẹsẹ̀ Ìkẹyìn, tó kéré jù, tí kò sọ̀rọ̀ láàárín ẹbí rí, wá tẹ́nu bọ ọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà níwájú lóòótọ́. Bí a bá délé Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí a ò bá dé, kò sẹ́ni tó máa wọlé nínú wa.”

Ẹsẹ̀ Iwájú sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ́dà.

“Ẹ bọ́ síbí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já wa sí kòtò, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni o.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ara wọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, a gbé ara rẹ̀ sókè, a fún ẹni tó tẹ̀ lé e láyè. Èyí ń tẹ̀, èyí ń sinmi, èyí ń bọ̀ lọ́nà. Kò pẹ́ tí wọn kò fi ronú sí i mọ́. Kẹ̀kẹ́ ń lọ geerege, kò lọ́ra, kò sì sáré jù.

Ìyá Ọ̀kùn jókòó síta lẹ́bàá odò. Ó ṣíjú wo ọ̀nà, ó ní, “Ta nì yẹn tó ń bọ̀ bí afẹ́fẹ́ lórí oko bàbà?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Sún mọ́ mi, jẹ́ n wò ọ́.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wò ó títí. Ó rí àpá kékeré tó wà lókè ojú rẹ̀ láti ìgbà èwe, ó rí bí iwájú orí rẹ̀ ṣe jọ ti bàbá rẹ̀. Ó ní ó tó, pé bí ojú òun bá fẹ́ ṣú, kó máa ṣú. Òun ti rí ohun tí òun yóò fi pa á dé.

Kí adìyẹ tó wọlé, Ọ̀kùn ti dá kẹ̀kẹ́ padà, òjò àkọ́rọ̀ sì ń kán. Ọ̀yà fọwọ́ pa táyà, kò rí ibi tí ilẹ̀ ti ha á. Ó kàn mi orí pé ó dáa. Ọ̀kùn dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọrí sílé. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, wọn kò tún jà. Àáró tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n ń bá lọ lórí ilẹ̀, ó sì wọlé kí òjò tó rọ̀ dáadáa.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ọ̀kùn kì í ti í gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í sì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò bá dá, tẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ má fi igi ta á. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìhà rẹ̀: ẹ ó rí i tí àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn kan ń gòkè, bí ìgbì omi tó ń lọ láti ìrù dé orí. Olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó kàn, Ọ̀kùn sì ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń dé ibi tó ń lọ.